Power factor: iná tó wọlé, iná tó padà, àti wáyà tó ru méjèèjì

Ẹ wo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ara jẹnẹrétọ̀ ńlá, níbi tí wọ́n kọ àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sí. Ẹ lè rí 100 kVA níbẹ̀, kí ẹ sì tún rí 80 kW. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo, nọ́ńbà agbára méjì. Ní ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n á kọ PF tàbí cos φ, wọ́n á fi 0.8 sí i. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ẹ̀rọ gbà pé 100 yẹn ni òun ń rà, pé 80 jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn gbà pé 20 tó kù ti ṣòfò, bí omi tó ń jò nínú garawa. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ dáadáa, torí ẹni tí kò bá yé lè ra ẹ̀rọ tí kò ní lè gbé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lè kówó fún ẹni tó ń ta òfo fún un.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni power factor. Ohun tó ń sọ fún wa ni bóyá iná ń ṣàn lásìkò tí a ń tì í, tàbí ó ń pẹ́ lẹ́yìn.

Títì àti ìṣàn

Ohun méjì la gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Fólítéèjì ni agbára tó ń ti iná nínú wáyà. Kúrẹ́ǹtì ni iná tó ń ṣàn gan-an. N ó máa pè wọ́n ní títì àti ìṣàn, kó lè rọrùn. Bí a bá fẹ́ mọ agbára tí ẹ̀rọ ń gbà ní ojú ẹsẹ̀ kan, a ó wo bí títì ṣe tó lójú ẹsẹ̀ náà, a ó sì fi ìṣàn sọ ọ́ di púpọ̀. Títì 230 lọ́nà ìṣàn 10, agbára 2,300 nìyẹn.

Bí bátìrì ló ń gbé iná wá, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, torí apá kan ṣoṣo ni bátìrì ń tì sí. Iná tó ń wá láti ilé-iṣẹ́ iná kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń tì lọ, ó ń fà bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìgbà 60 ní Amẹ́ríkà àti àwọn ibòmíràn. Níbi tó bá ti jẹ́ 50, àlọ kan àti àbọ̀ kan máa ń gba mílísẹ́kọ́ǹdì 20, ìyẹn ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ohun èlò tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbóná lọ, bíi áyọ́ọ̀nù tàbí ẹ̀rọ tó ń se omi, kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú àlọ àti àbọ̀ yìí. Bí títì bá ga, ìṣàn á ga. Bí títì bá dé òdo, ìṣàn náà á dé òdo. Bí títì bá yí padà, ìṣàn á yí padà lójú ẹsẹ̀. Àlọ ń mú un gbóná, àbọ̀ náà ń mú un gbóná, bí ayùn tó ń rẹ́ pákó ní àlọ tó tún ń rẹ́ ẹ ní àbọ̀. Kò sí ohun tó padà. Gbogbo ohun tó wọlé ló di ooru. Power factor irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ jẹ́ 1, kò sì sí èyí tó lè ju 1 lọ.

Ọmọ tó ń fì lórí okùn

Nígbà tí títì àti ìṣàn kò bá rìn pọ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń dojú rú. Ẹ jẹ́ kí á kúrò nídìí iná fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọmọ kan tó jókòó sórí jangílọ́fà, ìjókòó tí a fi okùn so rọ̀ láti òkè, tó ń fì lọ tó ń fì bọ̀. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ń tì í. Bí ẹ bá tì í lásìkò tó ń kúrò lọ́dọ̀ yín, agbára ọwọ́ yín ń wọ inú fífì rẹ̀, ó sì ń ga sí i. Bí ẹ bá wá nawọ́ tì í nígbà tó ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ ó gba ìwúwo rẹ̀. Agbára tó wà nínú fífì náà ni ó ń dá padà sí yín lọ́wọ́.

Ẹ wá gbà pé ẹnìkan ń ti ọmọ náà láìwo àsìkò: ìdajì títì rẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí ọmọ náà ń lọ, ìdajì bọ́ sí ìgbà tó ń bọ̀. Ohun tó fún un ní àlọ, ó gbà á padà ní àbọ̀. Ọmọ náà kò ga sí i, síbẹ̀ apá ẹni tó ń tì í á ro ó bí ẹni tó ṣiṣẹ́ gidi, torí apá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín títì tó wúlò àti èyí tí kò wúlò. Ẹ fi apá tó ń ro yìí sọ́kàn. Wáyà ni apá náà.

Nínú iná, kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n lọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ló máa ń fa irú ìyapa bẹ́ẹ̀ jù. Mọ́tọ̀ tó ń fi iná yí, irú èyí tó wà nínú fáànù, fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi, ní wáyà bàbà tí wọ́n lọ́ mọ́ inú irin ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí iná bá gba inú wáyà lílọ́ yìí kọjá, irin náà á di òòfà, òòfà yìí ló sì ń mú kí ohun tó wà láàárín rẹ̀ yí. Òòfà kì í dédé wáyé. Ó ń gba agbára kó tó wà, bó bá sì ti ń rọlẹ̀, ó ń dá agbára náà padà sínú wáyà tó gbé e wá. Ìdí nìyí tí kọ́ìlì fi ń lọ́ra: kì í jẹ́ kí ìṣàn yára pọ̀, kì í sì í jẹ́ kó yára dín. Títì á ti dé òkè pátápátá, ìṣàn á ṣì máa gòkè bọ̀ lẹ́yìn.

Bí kọ́ìlì bá wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju dídi òòfà lọ, mílísẹ́kọ́ǹdì 5 ni ìṣàn yóò fi pẹ́ lẹ́yìn títì. Á gba agbára fún mílísẹ́kọ́ǹdì 5, á dá a padà fún mílísẹ́kọ́ǹdì 5, ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Power factor rẹ̀ jẹ́ òdo, bí ẹni tó ń fi ìdajì tì lásìkò tó sì ń fi ìdajì tì lódì gẹ́lẹ́. Mọ́tọ̀ gidi kò burú tó bẹ́ẹ̀, torí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: ó ń yí nǹkan, ó sì ń bọ́ òòfà rẹ̀. Ìṣàn rẹ̀ máa ń pẹ́ níwọ̀nba. Bó bá pẹ́ ní nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 2, power factor jẹ́ 0.8. Bó bá pẹ́ ní mílísẹ́kọ́ǹdì 3 àti díẹ̀, ó ti di 0.5. Cos φ tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ, bí pípẹ́ náà ṣe tó ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀.

Ó wá ku ibì kan tó ń ya ènìyàn lẹ́nu. Mọ́tọ̀ tó ń yí lásán, tí kò gbé ẹrù kankan, ni power factor rẹ̀ máa ń burú jù. Ẹrù lè wà, ẹrù lè má sí, òòfà rẹ̀ ṣì ń fẹ́ oúnjẹ tirẹ̀. Mọ́tọ̀ tó bá gbé ẹrù rẹ̀ pé lè wà ní 0.85, bí ẹ bá bọ́ ẹrù náà kúrò, ó lè já wálẹ̀ sí 0.2. Ẹni tó ra mọ́tọ̀ ńlá fún iṣẹ́ kékeré, tó ní kó má bàa di pé kò tó, òfíìfo ló ń gbé kiri nínú wáyà rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

80 àti 60 tó di 100

A ti ní agbára mẹ́ta lọ́wọ́ báyìí. Èkíní ni agbára tó ṣiṣẹ́, tó di ooru tàbí yíyí tàbí ìmọ́lẹ̀, tí kò sì padà mọ́. W àti kW (ẹgbẹ̀rún W kan) ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Èkejì ni agbára alọ-ábọ̀, èyí tó ń lọ bọ́ òòfà tó sì ń padà. Var ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Constantin Budeanu, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Romania, ló dábàá orúkọ náà, àjọ IEC tó ń ṣètò ìwọ̀n nínú iṣẹ́ iná lágbàáyé sì gbà á wọlé ní 1930. Ẹ̀kẹta ni agbára àfojúrí, ohun tí a máa rí bí a bá kàn fi títì sọ ìṣàn di púpọ̀ láìbéèrè bóyá wọ́n rìn pọ̀. VA àti kVA ni tirẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ wa tó ní 100 kVA àti 80 kW, 60 ni kvar rẹ̀. Ẹni tó bá fi 80 kún 60 yóò rí 140, ọ̀rọ̀ á sì dà rú mọ́ ọn lójú. Àwọn méjèèjì kì í ga lásìkò kan náà, nítorí náà a kò lè rò wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: bí ènìyàn bá rin ìṣísẹ̀ 80 sí ìlà-oòrùn, tó wá yà sí àríwá tó rin 60, ìṣísẹ̀ 140 ló rìn, àmọ́ bó bá fẹ́ padà tààrà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, 100 péré ni. 80 lọ́nà 80 jẹ́ 6,400. 60 lọ́nà 60 jẹ́ 3,600. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ó di 10,000, òun náà sì ni 100 lọ́nà 100. Power factor kò ju kí á fi 100 pín 80 lọ, ìyẹn 0.8.

Ibi tí èrò 20 tó ṣòfò ti wó lulẹ̀ nìyí. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ ju 20 lọ, 60 ni, kò sì jóná, ṣe ni ó ń padà. Ẹ̀ńjìnnì tó ń sun epo kò ń sun epo fún 60 yẹn, àfi ìwọ̀nba ooru tí ìṣàn rẹ̀ ń fà nínú wáyà. Ẹ̀ńjìnnì náà gba 80 kW. Wáyà bàbà tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń pèsè iná ló gba 100 kVA. Nọ́ńbà méjì ló wà torí ohun méjì ló lè rẹ̀: ẹ̀ńjìnnì lè rẹ̀, wáyà náà lè gbóná jù. Bí ẹ bá fi ohun èlò tó ń gbóná nìkan sórí jẹnẹrétọ̀ yìí, tí power factor wọn jẹ́ 1, ẹ kò lè gba 100 kW níbẹ̀. 80 ni ẹ̀ńjìnnì lè gbé, ibẹ̀ ló máa dúró.

Ohun tí wáyà ń san

Bí agbára alọ-ábọ̀ bá ń padà, kí ló wá kan ẹnikẹ́ni? Ó kan wáyà. Wáyà kò mọ iná tó ń lọ ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí iná tó ń padà bọ̀. Ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń mú un gbóná.

Ẹ jẹ́ kí á fi nọ́ńbà sí i. Ẹ̀rọ kan fẹ́ 10 kW, títì rẹ̀ jẹ́ 230. Bí power factor bá jẹ́ 1, ìṣàn rẹ̀ jẹ́ ámpíà 43.5 (ámpíà ni wọ́n fi ń wọn ìṣàn). Bó bá jẹ́ 0.7, ìṣàn di ámpíà 62 fún iṣẹ́ kan náà. Ìṣàn kò tíì pọ̀ ní ìlọ́po méjì, àmọ́ ooru inú wáyà kì í bá ìṣàn pọ̀ ní dọ́gbandọ́gba. Bí ìṣàn bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 43.5 dé 62, ooru inú wáyà ti lé díẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ẹ rò ó láti ara ẹ̀rọ yẹn, gba ara tiransifọ́mà, dé orí wáyà gígùn tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Gbogbo wọn ni a gbọ́dọ̀ mú tóbi sí i torí ohun tí kò dúró ṣiṣẹ́ kankan.

Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ iná ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ńlá wọn lórí kVA, tàbí kí wọ́n bu owó ìtanràn lé ti ẹni tí power factor rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀. N kò rí àìṣòótọ́ nínú rẹ̀, torí àwọn ló ra wáyà tí iná alọ-ábọ̀ náà ń gbà.

Agbára alọ-ábọ̀ tún ní ìwà kan: kò ṣeé gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí ọ̀nà ṣe ń jìn ni títì ń rẹlẹ̀ sí i, àfi kí wọ́n pèsè rẹ̀ ní tòsí ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2003, iná kú mọ́ nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn lórí ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti ní Kánádà. Ohun púpọ̀ ló pàdé níbẹ̀, igi tó kan wáyà, ẹ̀rọ ìkìlọ̀ tó dákẹ́. Àmọ́ àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ fún ìjọba méjèèjì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú pé wọn kò rí sí ìpèsè agbára alọ-ábọ̀ bó ṣe yẹ ní agbègbè Cleveland àti Akron.

Kàpásítọ̀

Ohun tó ń wo àìsàn yìí sàn rọrùn, ó sì dùn mọ́ mi láti ṣàlàyé. Kàpásítọ̀ jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọn kò kan ara wọn. Òun náà máa ń gba agbára, á sì dá a padà, àmọ́ àsìkò rẹ̀ lòdì sí ti kọ́ìlì pátápátá. Nígbà tí kọ́ìlì bá ń gbà, kàpásítọ̀ ń dá padà. Nígbà tí kọ́ìlì bá ń dá padà, kàpásítọ̀ ń gbà. Bí ẹ bá fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, agbára alọ-ábọ̀ kò ní máa ti ọ̀nà jíjìn wá mọ́. Àwọn méjèèjì á máa gbé e fún ara wọn níbi tí wọ́n wà, wáyà tó ti ìta wá á sì sinmi.

Ẹ padà sórí 10 kW wa. Láti gbé power factor rẹ̀ kúrò ní 0.7 sí 0.95, kàpásítọ̀ tó tó 6.9 kvar ni a ó fi sí i. Ìṣàn tó ń ti ìta wá á já láti ámpíà 62 sí 46, ooru inú wáyà ìta á sì dín kù ní ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tóbi. Kí ló dé tí a kò fi gbé e dé 1 pátápátá? Torí láti 0.95 dé 1, a ó tún nílò 3.3 kvar sí i, ámpíà 2 àti díẹ̀ ni ó sì máa dín kù. Bí kàpásítọ̀ bá wá pọ̀ jù, ìṣàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣíwájú títì, power factor á tún bàjẹ́ láti apá kejì, títì á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń dúró ní àgbègbè 0.95.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú di kàpásítọ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti pa iná, ó lè ṣì ní agbára tó lè pa ènìyàn nínú. Àwọn ńlá máa ń ní ohun tí ń tú agbára náà jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gba àkókò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó ṣí i.

Kàpásítọ̀ kékeré tó wà nínú fáànù ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń rò pé torí power factor ni. Rárá o. Mọ́tọ̀ fáànù kò lè dá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí fésì kan ṣoṣo. Kàpásítọ̀ yẹn ló ń yí àsìkò ìṣàn padà nínú kọ́ìlì kejì kó lè mọ apá tí yóò yí sí.

Àpótí tí wọ́n ní ó ń dín owó iná kù

Ibí yìí ni inú mi ti ń ru. Wọ́n ń ta àpótí kékeré kan tí ènìyàn á kàn fi sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀, wọ́n á ní ó ń dín owó iná kù ní ìdá 30 tàbí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá tú u, kàpásítọ̀ ló sábà máa ń bá nínú rẹ̀, pẹ̀lú gílóòbù tíntìntín tó ń tàn.

Bí wọ́n ṣe ń fi hàn ni ó fi ń rọrùn láti gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n á tan mọ́tọ̀ kékeré kan, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń ka ámpíà gbá wáyà rẹ̀ mú, ẹ ó rí 4. Wọ́n á ki àpótí náà bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà á já sí 2. Kò sí idán níbẹ̀, ìṣàn náà dín kù lóòótọ́. Àmọ́ kí ni ó dín kù? Agbára alọ-ábọ̀ ni. Mọ́tọ̀ náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, W tó ń gbà kò yí padà. Mítà ilé sì rèé, kWh ló ń kà, ìyẹn agbára tó ṣiṣẹ́ nìkan. Kódà mítà àtijọ́ tó ní àwo tó ń yí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ohun tó wọlé tó sì padà, mítà kò bu owó lé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Báwo ni àpótí ṣe máa dín owó tí ẹ kò san kù?

Ẹnìkan lè sọ pé ooru inú wáyà ilé á dín kù ṣáá. Bí àpótí náà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, wáyà tó ti ibẹ̀ lọ bá mọ́tọ̀ ṣì ń ru ìṣàn kan náà, torí àárín kàpásítọ̀ àti mọ́tọ̀ ni iná ń lọ tó ń bọ̀. Bó bá tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tọ̀, ooru wáyà ilé tó dára kéré gan-an sí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe. NIST, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, tẹ àlàyé jáde lórí rẹ̀ ní 2009, ibi kan náà ni wọ́n já sí.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé àwọn tí owó iná ń ni lára jù ni wọ́n ń tà á fún. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi han yín pé ohun kan ń dín owó iná kù, ẹ ní kó má ka ámpíà. Kó ka W.

Irú kejì tí kò ti inú pípẹ́ wá

Gbogbo ohun tí mo ti sọ, ti kọ́ìlì ni. Àmọ́ nínú ilé òde òní, ṣájà, tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà àti gílóòbù LED ló pọ̀ jù, àwọn wọ̀nyí ní power factor tó lè burú láìjẹ́ pé ìṣàn wọn pẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ni kí wọ́n sọ iná di alápá kan bíi ti bátìrì, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú kàpásítọ̀ kan nínú ara wọn. Àfi ìgbà tí títì bá ga ju ohun tó wà nínú kàpásítọ̀ yẹn lọ ni iná tuntun ń wọlé. Wọn kì í mu iná bí ẹni tó ń mumi díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á dúró títí títì á fi dé góńgó, wọ́n á wá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan.

Kí ló burú nínú gbígbé e mì lẹ́ẹ̀kan? Ẹ rántí pé ooru ń pọ̀ ju ìṣàn lọ. Wáyà tó ru ámpíà 1 ní gbogbo ìgbà, ẹ jẹ́ kí á pe ooru rẹ̀ ní 1. Bó bá wá ru ámpíà 4 fún ìdá mẹ́rin àkókò náà, tó sinmi nínú ìyókù, ìpíndọ́gba ìṣàn rẹ̀ ṣì jẹ́ 1, àmọ́ ooru rẹ̀ jẹ́ 16 fún ìdá mẹ́rin àkókò, ìyẹn 4. Ẹrù kan náà, ooru ìlọ́po mẹ́rin.

Irú gbígbé mì yìí tún ń bí àwọn ìgbì kéékèèké tó ń yára ju 50 lọ, bíi 150, 250 àti 350. Nínú ilé ńlá tó ń lo fésì mẹ́ta, àwọn 150 láti ara fésì kọ̀ọ̀kan máa ń kó ara wọn jọ sínú wáyà níútírà, tó fi lè gbóná ju àwọn wáyà fésì gan-an. Kàpásítọ̀ tí a fi wo kọ́ìlì sàn kò wo eléyìí sàn, ó tilẹ̀ lè mú un burú sí i, torí àwọn ìgbì kéékèèké yẹn rọrùn fún un láti gbà, wọ́n sì lè sun ún jóná. Inú ohun èlò fúnra rẹ̀ ni ìwòsàn ti ń wá. Ìlànà IEC 61000-3-2 fi ààlà sí bí àwọn ìgbì yìí ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ mọ, ohun èlò bíi kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n tó ju 75 W lọ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ní ẹ̀yà kan nínú tó ń kọ́ wọn láti mu iná díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá ń rà á tàbí ẹ fẹ́ wọ̀n ọ́n

UPS, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé iná nígbà tí iná bá lọ, lè ní 1000 VA lára, kí wọ́n kọ 600 W sí abẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Nọ́ńbà méjèèjì ni ààlà. Bí ohun èlò yín bá gba 700 W, kò lè gbé e, bí VA wọn kò tilẹ̀ tíì dé 1000. Jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà, bákan náà ni: ẹ ro W gbogbo ohun èlò yín pọ̀, ẹ ro VA wọn náà, kí méjèèjì má kọjá ohun tó wà lára ẹ̀rọ. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ kVA nìkan, ẹ bi í ní kW.

Ẹ lè yẹ gílóòbù LED kan wò nílé. Bí wọ́n bá kọ 9 W àti 80 mA (ámpíà 0.08) sí i lára fún títì 230, 230 lọ́nà 0.08 jẹ́ 18.4 VA. Ẹ fi 18.4 pín 9, ó sún mọ́ 0.5. Ti mọ́tọ̀ gba ìṣọ́ra díẹ̀, torí kW tí wọ́n kọ sí i lára ni agbára tó ń ti ọ̀pá rẹ̀ jáde, kì í ṣe iná tó ń gbà wọlé, cos φ ara rẹ̀ sì jẹ́ ti ìgbà tó bá gbé ẹrù rẹ̀ pé. Fún ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ wá mítà kékeré tí wọ́n ń fi sí àárín sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ohun èlò, èyí tó ń ka W àti VA lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ tan fáànù yín, ẹ ka méjèèjì, ẹ fi VA pín W. Lẹ́yìn náà ẹ fi áyọ́ọ̀nù sí i, kí ẹ wo bí nọ́ńbà méjèèjì ṣe máa bá ara wọn dọ́gba.